Ìránṣẹ́ Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì

Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ bí a ti ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Àrokò ni wọ́n máa ń dì ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tí a dì í fún yóò tú u, yóò wò ó, yóò sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọba ni ó ránṣẹ́, ìránṣẹ́ náà kì í lọ láìní àmì. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán, fífá tí a sì ń fá apá kan orí wọn jẹ́ ohun tí ará ìlú fi ń dá wọn mọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìhìn tí kò ní ẹ̀rí lè tú ìlú.

Lóde òní, àwọn kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ń ránṣẹ́ sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgbọ́n tí àwọn àgbà fi ń gba ìránṣẹ́ kò sì tíì di ohun àtijọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ránṣẹ́ ni èyí tí a ń pè ní webhook. Jeff Lindsay, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 2007.

Ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ń lo kọ̀ǹpútà a máa ní ibi kan tí ó ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ sí, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo jọ sínú àká. A lè pe ibẹ̀ ní àká ìsọfúnni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé nìkan ni ìsọfúnni ti ń wá; púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará òde. Báwo ni èyí tí ó wà lóde yóò ṣe wọ inú àká?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí kọ̀ǹpútà ilé máa bi kọ̀ǹpútà òde léraléra pé, "Ǹjẹ́ nǹkan ti dé?" Èyí dàbí oníṣòwò tí ó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ní wákàtí wákàtí láti wò bóyá ẹrù tí ó ń bọ̀ láti Kánò ti dé. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 kọ̀ọ̀kan yóò béèrè ní ìgbà 288 láàárín ọjọ́ kan, ó sì lè jẹ́ pé "Rárá" ni yóò máa gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, bí ẹrù bá dé kété tí ọmọ náà yí ẹ̀yìn padà, oníṣòwò kò ní mọ̀ títí yóò fi tún rán an lọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí oníṣòwò fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé ibùdókọ̀, kí ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, nígbàkúùgbà tí ẹrù mi bá dé, ẹ rán ẹnì kan sí mi." Èyí gan-an ni webhook. Kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ gba ìsọfúnni kì í rìn mọ́. Ó fi àdírẹ́sì sílẹ̀, ìhìn sì ń wá bá a nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn ènìyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn bá ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà yìí, tí ìyá kan sì ti Èkó san ₦50,000 fún ọmọ rẹ̀, bí owó náà bá ti kọjá ni Paystack yóò fi ìhìn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi sílẹ̀. Orúkọ ìhìn náà ni charge.success, èyí tí ó túmọ̀ sí pé owó sísan náà yọrí. A kọ ọ́ ní ìlànà tí a ń pè ní JSON, nínú èyí tí orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣáájú, tí ohun tí ó jẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Nínú rẹ̀ ni iye owó wà, àti àkókò tí a san án, àti ímeèlì ẹni tí ó san án, àti àmì ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ ti owó yìí nìkan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè ṣìnà níhìn-ín, nítorí pé kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń ka owó náírà. ₦50,000 yóò hàn nínú ìhìn náà gẹ́gẹ́ bí 5,000,000. Ètò tí ó bá kọ ọ́ sínú àká bí náírà yóò sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di ọlọ́rọ̀ lórí ìwé, nígbà tí àpò rẹ̀ kò kún.

Fífi webhook lélẹ̀ kò le púpọ̀. Àwọn àgbà ní, ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ náà yóò kọ́kọ́ ṣí ojú kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú tí ó lè gba ìhìn tí a bá rán ní ọ̀nà tí a ń pè ní POST. Àdírẹ́sì ojú náà ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, kí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà má baà lè ka ìhìn náà. Lẹ́yìn èyí, yóò kọ àdírẹ́sì náà sí ibi tí Paystack pèsè fún un. Lẹ́yìn náà ni yóò fi owó ìdánrawò dán ètò náà wò, kí owó gidi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àdírẹ́sì tí Paystack lè kàn, ẹlẹ́tàn pẹ̀lú lè kàn án, kí ó sì mú ìhìn èké wá pé òun ti san owó tí kò san. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi òǹtẹ̀ sí ìhìn. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà tí Paystack àti ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan mọ̀. Paystack a fi kọ́kọ́rọ́ yìí pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìhìn náà ṣe ìṣirò kan tí a ń pè ní HMAC SHA512, a sì fi ohun tí ó bá jáde lé orí ìhìn ní abẹ́ orúkọ x-paystack-signature. Nígbà tí ìhìn bá dé, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yóò tún ìṣirò kan náà ṣe. Bí òǹtẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, ìránṣẹ́ tòótọ́ ni. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí a dá ìránṣẹ́ náà padà láti ẹnu ọ̀nà. Ìhìn gẹ́gẹ́ bí ó ti dé gan-an ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe ìṣirò náà, nítorí pé bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, òǹtẹ̀ yóò yàtọ̀. A sì gbọ́dọ̀ pa kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ bí ojú, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè lu òǹtẹ̀ náà.

Nígbà tí a bá ti mọ ìránṣẹ́ ní olóòótọ́, a kò gbọ́dọ̀ dá a dúró pẹ́. Èsì tí ó ń retí ni nọ́ńbà 200, èyí tí ó túmọ̀ sí pé, "Mo ti gbà á." GitHub, níbi tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, kì í dúró de èsì ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi ìhìn náà sínú àká bí ó ti rí, kí a sì dá ìránṣẹ́ lóhùn. Lẹ́yìn èyí ni ètò mìíràn yóò máa ṣa á, tí yóò sọ kọ́bọ̀ di náírà, tí yóò wá orúkọ ọmọ náà rí, tí yóò sì kọ rìsíìtì. Ẹni tí ó bá dáhùn kí ó tó fi ìhìn pamọ́ ń fi ara rẹ̀ wewu: bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ láàárín méjèèjì, ìhìn ti sọnù, ẹni tí ó rán an sì gbà pé ó ti dé. Ó dára pẹ̀lú kí a má ṣe ju ìhìn àkọ́kọ́ náà nù. Àgbàdo tí a ti lọ̀ kò ṣeé gbìn mọ́. Èyí tí ó wà nínú háhá ni a lè tún lò bí a bá ṣi àkọ́kọ́ ṣe.

Ó tún kù síbẹ̀. Bí Paystack kò bá gbọ́ 200, yóò tún rán ìhìn náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 kọ̀ọ̀kan fún ìgbà 4 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní wákàtí wákàtí fún wákàtí 72. Ó lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìhìn náà, ṣùgbọ́n tí èsì rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Ìhìn kan náà yóò sì tún padà wá. Ètò tí kò bá gbọ́n yóò kọ ₦100,000 sílẹ̀ níbi tí ₦50,000 ti wọlé. Àmì ìdánimọ̀ ni oògùn èyí: kí a wò ó nínú àká, bí ó bá ti wà níbẹ̀, kí a dáhùn 200, kí a má sì kọ nǹkan kan mọ́.

Ìhìn mìíràn sì wà tí kì í dé rárá. Bí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ bá dákẹ́ ju wákàtí 72 lọ, Paystack yóò ti ṣíwọ́. Ní ti GitHub, kì í fúnra rẹ̀ tún ìhìn tí ó kùnà rán. Nígbà náà ni a óò lé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sanwó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́ ní alaalẹ́, kí ó béèrè gbogbo owó tí a san ní ọjọ́ náà, kí ó sì fi wé ohun tí ó wà nínú àká. Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò ni ẹnikẹ́ni lára.

Òwe Yorùbá sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ènìyàn ni a pa òwe yìí fún. Webhook kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Bí a ti rán an ni yóò wí, ìbáà ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọgbọ́n tí ìránṣẹ́ kò ní, ẹni tí ó ń gba ìhìn ni ó gbọ́dọ̀ ní in: kí ó mọ ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó fi ohun tí ó gbọ́ pamọ́ kí ó tó dáhùn, kí ó má ṣe ka ìhìn kan sí méjì, kí ó sì máa béèrè èyí tí kò dé. Àká tí a bá fi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kún ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.