Ó dín mọ́kàndínlógún: Nọ́ḿbà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti yèyé mi

Ọjà Aramọkọ ni yèyé mi ti ń ta ọsàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to ọsàn sí òkìtì. Méjìlá kì í yọ wá lẹ́nu: mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, tàbí mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mẹ́tàlá, wàhálà dé. Ẹ to ó ní méjì-méjì, ẹ to ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan á ṣáà ṣẹ́kù. Yèyé á ní kí n bó o, kí n jẹ ẹ́.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí tíṣà ìṣirò ń pè ní prime number ló ń bá mi ṣe agídí: nọ́ḿbà tí kò ṣeé pín dọ́gba, àfi kí ẹ fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in.

Ní ilé ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi "mọ́kàndínlógún" ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, ta ló ń pe nọ́ḿbà kan ní ogún tó dín ọ̀kan? Èmi náà gbà pé òǹkà wa ló wọ́.

Èkó ni mo wà báyìí. Alaalẹ́ ni èmi àti yèyé ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á lójú ọ̀nà. Lára ohun tó gbé àgádágodo náà dúró ni Curve25519, tí Daniel J. Bernstein, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005. Prime kan ló fún un lórúkọ. Ẹ mú 1, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, títí á fi pé ìgbà 255. Kí ẹ wá yọ 19. Ohun tó kù ní díjíìtì 77.

Kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí nọ́ḿbà tó kàn fi díẹ̀ dín sí i fi ń mú ìṣirò yá. Fóònù mi á fi nọ́ḿbà àṣírí ṣe ìṣirò. Bó bá ti kọjá prime yẹn, á yọ ọ́ kúrò, á mú ìyókù lò, bí ọsàn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn òkìtì. Èsì rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ yèyé. Ẹni tó bá rí èsì náà lójú ọ̀nà kò ní ọ̀nà tí a mọ̀ tó lè fi kọ̀ǹpútà òde òní wá nọ́ḿbà àṣírí yẹn kàn.

Ní oṣù Kẹwàá 2024, Luke Durant rí prime tó tóbi ju gbogbo èyí tí aráyé ti mọ̀ lọ: ìlọ́po méjì nígbà 136,279,841, ó dín ọ̀kan. Díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Ẹ gbọ́ ọ, "ó dín" náà ni!

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjerò, mo ní kí ọmọ rẹ̀ pe 19 ní Yorùbá. Ó wò mí títí. "Bùọ̀dá, nineteen ni."

Mo jókòó tì í, a ka ọsàn títí ó fi pe mọ́kàndínlógún. Ẹ bá mi ka tiyín náà pẹ̀lú ọmọ ilé yín. Ẹni tó bá sì ní òǹkà wa wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ bi fóònù ọwọ́ rẹ̀ léèrè.