Ọ̀wọ̀ Àgbà, Ọ̀wọ̀ Ọmọdé: Ọ̀nà Ìdènà Ìfòòró Níbi Àpérò Onímọ̀

Ìfáárà
Ọjà ìmọ̀ ni àpérò. Níbẹ̀ ni olùkọ́ àgbà, olùkọ́ kékeré àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé láti ka bébà àti láti jiyàn. Ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó ń wá ìwé-ẹ̀rí, iṣẹ́ tàbí ìgbéga ń wojú ẹni tí ó lè fún un. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń fi hàn ni pé ọ̀wọ̀ tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọdé lọ bá àgbà nìkan kò lè dènà ìfòòró. Ó di dandan kí àgbà náà bọ̀wọ̀ fún ọmọdé, kí a sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀.

Oríṣìí ìfòòró
Ní ọdún 2018, National Academies ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìfòòró tí àwọn obìnrin ń rí nínú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: títàbùkù ẹni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, fífi ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ lọ ẹni tí kò fẹ́, àti sísọ ìbálòpọ̀ di owó tí a fi ń ra máàkì tàbí iṣẹ́. Ìtàbùkù ni wọ́n rí i pé ó wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀fẹ̀ tí a fi ara tàbí aṣọ ẹni tí ó ń ka bébà ṣe wà lára rẹ̀, bí gbogbo gbọ̀ngàn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ láti Akoka
Akoka, ní ìtòsí Bàrígà, ni Yunifásítì ìlú Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1962 wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, BBC gbé fíìmù ìwádìí Sex for Grades jáde, nínú èyí tí Kiki Mordi ti tú àṣírí ìwà àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì náà àti ní Yunifásítì ìlú Gánà. Lára ibi tí fíìmù náà tọ́ka sí ni yàrá kan nínú ilé ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ti yàrá náà pa, wọ́n sì lé olùkọ́ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2021. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùṣètò àpérò ni pé kì í ṣe gbọ̀ngàn ìjíròrò nìkan ni ó yẹ kí a ṣọ́. Àsè alẹ́, ọkọ̀ àti ilé ìtura náà wà lára àpérò.

Àṣà àti òfin
A ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé kí ó má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí a fòòró lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ kí ènìyàn kò fi ara rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Àṣà kan náà ni ó sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, àgbà tí ó rí àṣemáṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì dákẹ́ ti pín nínú ẹ̀bi. Òfin kò dákẹ́ ní tirẹ̀: Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ fòòró ẹlòmíràn.

Ojúṣe olùṣètò
Ṣómólú ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó. Ìwé ètò tí a ń gbé lọ tẹ̀ níbẹ̀ máa ń ní orúkọ alága àti àkókò oúnjẹ. Ó yẹ kí a fi ojú ewé kan kún un, tí yóò sọ:
(i) ìwà tí a kò fàyè gbà;
(ii) orúkọ àti nọ́ńbà fóònù obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí a lè fẹjọ́ sùn;
(iii) ìjìyà, láti orí ìkìlọ̀ dé orí lílé ẹni náà kúrò àti kíkọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀;
(iv) pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára ẹni tí ó fẹjọ́ sùn.

Èyí kò ní kí lámèyítọ́ má le. Bébà ni kí a tú palẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá rí lọ́dọ̀ àwọn àgbà níbi àpérò ni yóò gbé wọ kíláàsì lọ́la. Bí ó bá rí i pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun, òun náà yóò mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.