Ṣé Màmá Kò Lè Wẹ̀ Ni, Àbí Ẹ Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n fi ilé tiwa ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mò ń tú àṣírí onílé. Òṣìṣẹ́ ìlera kan gbé fọ́ọ̀mù wá sí àgbàlá wa, ó ń béèrè nípa àwọn àgbà. Ó bi àǹtí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé màmá máa ń dá wẹ̀ fúnra wọn?"

Àǹtí mi ní, "Ká má rí i! Kí wá ni èmi wà fún?"

Ọmọbìnrin náà fa ìlà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá kò lè dá wẹ̀, ó bá kọjá sí ojúlé kejì. Ìyá àgbà tí à ń wí yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbá àgbàlá tán!

Irú fọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà Sidney Katz àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Cleveland, l'Amẹ́ríkà, ló gbé èyí tó lókìkí jù jáde ní 1963. Nǹkan mẹ́fà ló ń béèrè: wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mímú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ra, àti jíjẹun. Ẹni tó gba máàkì 6, ó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń ṣe ni Katz ní kí wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tó lè ṣe. Ẹ ò rí i pé nílé Yorùbá, níbi tí ọmọ ti kà á sí àbùkù kí ìyá òun máa pọnmi ìwẹ̀, fọ́ọ̀mù yìí lè sọ àgbà tára rẹ̀ le di aláìlera?

Òdìkejì rẹ̀ tiẹ̀ burú jù. Bàbá tó ti ń tọ̀ sára lóru, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá jókòó níbẹ̀, kí ni kó wí? "Ara le, a dúpẹ́." Máàkì 6 pé!

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé àti ìtọ́jú aláboyún la mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè mọ́ jù. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ti àgbà kún un, kíkọ́ wọn ní fọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Kí wọ́n kọ́ wọn láti bá àgbà sọ̀rọ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i. Ìwé atọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ní kí àgbà ká ọwọ́ sáyà, kó dìde lórí àga kó tún jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 14, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìrìn rẹ̀ wò dáadáa. Aago ọwọ́ lásán ti tó fún un. Ìwé náà kò gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú àgbà pẹ̀lú: kí wọ́n bi òun náà bí ara ṣe rí.

Ọ̀gá ọmọbìnrin yẹn padà wá sílé wa. Màmá gan-an ló kọjú sí: "Màmá, tí kò bá sẹ́ni nílé, ṣé ẹ lè wẹ̀?"

"Mo lè wẹ̀, ọmọ mi. Omi ni n ò lè gbé. Ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn náà sì ń yọ̀."

Àǹtí mi lanu, kò lè pa á dé. Ọdún kẹta rèé tó ti ń pa ìsọ̀ rẹ̀ dé láàárọ̀ nítorí ìwẹ̀ yìí.

A ti ha ewédò ilẹ̀ balùwẹ̀ kúrò, a gbé àpótí síbẹ̀, èmi ni mò ń pọnmi. Àǹtí mi ti ń tètè dé ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, ẹ máa bá a lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tó ń tẹ́tí.