NÍGBÀ TÍ OMI MỌ́TÒ BÁ Ń HÓ

Lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ ni a mú wá.

Gbogbo wa mọ Peugeot 404 àti 504. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti wá. 404 jáde ní ọdún 1960, 504 sì jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kaduna ní Nàìjíríà. Wọn kò ṣe irú ọkọ̀ méjèèjì yìí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù ṣì ń gbé ẹrù àti ènìyàn. Bí ọ̀kan bá dúró láàrin Dassa àti Glazoué ní Ọjọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, tí oru omi ń rú níwájú rẹ̀, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ó pàdánù. Ọjà kì í dúró de oníṣu.

Iṣẹ́ wo ni omi ń ṣe?

Ẹ́ńjìnnì ń jó epo, nítorí náà ó ń gbóná gan-an. Omi ni ó ń gba ooru náà lára rẹ̀. Pọ́ǹpù ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká. Omi gbígbóná á lọ sínú rádíétọ̀ níwájú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, omi á tutù, á sì padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Láàrin ẹ́ńjìnnì àti rádíétọ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan wà. Orúkọ rẹ̀ ni tẹmositáàtì. Ìda wà nínú rẹ̀, ohun kan tí ó jọ ìda afárá oyin. Nígbà tí omi bá tutù, ìda náà á le, ilẹ̀kùn á wà ní títì, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 80 dígírì, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn ṣí. Omi ìkòkò wa kì í hó títí yóò fi tó 100 dígírì. Nítorí náà, ilẹ̀kùn yìí gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí ó bá dípẹtà, tàbí tí ìda rẹ̀ bàjẹ́, ó lè má ṣí mọ́.

Ẹ má kàn yọ ọ́ sọnù

Àwọn kan ń sọ pé: "Oòrùn wa mú jù, tẹmositáàtì kò wúlò níhìn-ín." Wọ́n á yọ ọ́ jù sígbó. Ìyẹn lè gbé ọkọ̀ délé ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo púpọ̀, ó sì ń tètè gbó. Bí ó bá jẹ́ rádíétọ̀ ni ó dí, omi á tún hó lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ wo àmì

1. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tí ó dúró nínú ọjà, tí ó sì ń tutù bí ó bá ń sáré, ẹ wo fáànù. Nínú ọ̀pọ̀ 404 àti 504, iná bátìrì ni ó ń so fáànù mọ́ ìyípo bẹ́líìtì nígbà tí omi bá gbóná. Bí wáyà kan bá já, fáànù kò ní ṣiṣẹ́.

2. Bí ó bá ń gbóná nígbà tí ó ru ẹrù tàbí tí ó ń gun òkè, rádíétọ̀ lè ti dí. Koríko, ẹrẹ̀ àti kòkòrò ń dí i lóde. Ìdọ̀tí irin ń dí i nínú.

3. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná gan-an, tí omi kún, ṣùgbọ́n tí rádíétọ̀ tutù, ó ṣeé ṣe kí tẹmositáàtì má ṣí.

4. Bí omi bá ń dín lójoojúmọ́, ẹ wá ibi tí ó ń jò. Bí òróró ẹ́ńjìnnì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹ dán an wò nínú ìkòkò

Ẹ fi okùn so tẹmositáàtì mọ́ igi, kí ẹ jẹ́ kí ó rì sínú ìkòkò omi lórí iná, láìkan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ó bá ṣí kí omi tó hó, tí ó sì padé nígbà tí ó tutù, ó dára. Bí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun. Ẹ má fi ìkòkò náà se oúnjẹ mọ́, nítorí májèlé lè wà nínú omi ẹ́ńjìnnì.

Ewu tí ó tóbi jù

Ìdérí rádíétọ̀ sé omi mọ́lẹ̀ pinpin. Nítorí náà omi inú rẹ̀ lè gbóná ju 100 dígírì lọ kí ó tó hó. Ẹni tí ó bá ṣí i ní gbígbóná, omi náà á tú jáde lójijì, á sì bó o lójú àti láyà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ dúró títí rádíétọ̀ yóò fi tutù, kí ẹ tó fi aṣọ tí ó nípọn yí ìdérí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí irin má bàa là.

Ìyá oníṣu lè sọ pé: "Ọmọ mi, ọjà ń tú lọ o!" Kí awakọ̀ dá a lóhùn pé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ojú mi kò ṣeé rà lọ́jà." Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ wa

1. Kí ni ìda ń ṣe nínú tẹmositáàtì?
2. Ọkọ̀ kan ń gbóná nínú ọjà, ó sì ń tutù lójú ọ̀nà. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò?
3. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rádíétọ̀ gbígbóná?