Ibi Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Sọ Wá Kalẹ̀ Sí ní Kánò

Ní ìpàdé tó kọjá, ọmọ kan bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé àwọn Yorùbá ni wọ́n tẹ Kánò dó?" Sabon Gari nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn.

Òkè Dala ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ gùn. Níbẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́. Lẹ́yìn náà kí ó wọ ọjà Kurmi, tí Ọba Muhammadu Rumfa, tí ó jọba láti 1463 dé 1499, dá sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú yìí kí òyìnbó tó gbà á ní 1903, inú odi ni wọ́n wọ̀ sí, ní Ayagi. Ọ̀pọ̀ àrọ́mọdọ́mọ wọn, Hausa ni wọ́n ń sọ nínú ilé.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó kó àwa tó kù wá. 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin láti Baro, ó sì dé Kánò ní 1911. Èyí tí ó ti Èkó wá bá a pàdé ní Minna. Ìjọba wá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ wá. (Ní Ìbàdàn, Hausa ni ará Sábó, níbí, àwa ni.)

Òwú ni àwọn òyìnbó rò pé ọkọ̀ yóò máa kó. Àgbẹ̀ wo owó, ó gbin ẹ̀pà! Àpò ẹ̀pà ga bí òkè, ọkọ̀ kò sì lè kó o tán. Ṣùgbọ́n ọ̀dá àti àrùn ẹ̀pà dé ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì sì mú kí ìjọba gbàgbé oko. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Inú àwòrán ni mo ti rí i.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn. Bàbá mi kú kí n tó béèrè ọdún tí òun sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó rélùwéè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ ọdún tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀, tàbí tí ó ní àwòrán, kí ó rí mi lọ́jọ́ ìpàdé. N óò mú ìwé àti gègé dání.