Ian ní Skaro, Barbara ní Mẹ́síkò

Olùkọ́ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Ian àti Barbara, tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan délé lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń rú wọn lójú. Ibi tí ọmọ náà wọ̀ kì í ṣe ilé. Ọgbà tí wọ́n ń kó irin àlòkù sí ni. Àpótí ọlọ́pàá kan dúró níbẹ̀, bàbá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí kò fẹ́ àlejò, ló sì ni ín. Wọ́n já wọ inú àpótí náà, ó gbé wọn lọ sí ìgbà mìíràn àti ayé mìíràn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún fojú kan ilé. Bí Doctor Who ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, ní Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy. Ìròyìn ikú náà gba ọkàn gbogbo èèyàn, BBC sì ní láti tún abala kìíní gbé jáde ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Mo ti tún jókòó wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú abala 42 ti apá kìíní eré náà. Ìtàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ni mo fẹ́ gbé lé ìwọ̀n: ìtàn àwọn Dalek, abàmì ẹ̀dá tó ń gbé inú agọ̀ irin, tí Terry Nation kọ, àti ìtàn àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò àtijọ́, tí John Lucarotti kọ. Tẹrú-tọmọ ló mọ ti àkọ́kọ́. Èkejì ni mo gbà pé ó jinlẹ̀ jù.

Kì í ṣe èèṣì ni irú ìtàn méjèèjì, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ayé àtijọ́, fi wà nínú eré kan. Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ fẹ́ kí ọmọdé gbádùn rẹ̀ kí wọ́n sì rí nǹkan kọ́. Ìdí nìyẹn tí Ian fi ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, tí Barbara sì ń kọ́ni ní ìtàn ayé àtijọ́. Sydney Newman, ará Kánádà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ní BBC, ti sọ pé òun kò fẹ́ iwin àti abàmì ẹ̀dá kankan. Verity Lambert, ọmọ ọdún 27 tí wọ́n fa ṣíṣe eré náà lé lọ́wọ́, gba àwọn Dalek wọlé síbẹ̀síbẹ̀. Inú Newman kò dùn sí i rárá. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti di mílíọ̀nù mẹ́wàá nígbà tí ìtàn Dalek fi máa parí. Láìsí ìtàn yẹn, bóyá ni à bá máa sọ̀rọ̀ Doctor Who lónìí.

Ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìparí abala kìíní ìtàn náà. Barbara nìkan ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin kan, ilẹ̀kùn ń tì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan kan ń bọ̀. Apá kan ṣoṣo ni a rí, rọ́bà wà lórí rẹ̀ bí èyí tí a fi ń ṣí ihò omi tó dí. Barbara fẹ̀yìn ti ògiri, ó figbe ta, abala náà sì parí síbẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa rò ó pé kí ló ni apá yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan mí lára ni ohun tí Ian ṣe ní Skaro, ayé àwọn Dalek. Àwọn Thal tó ń gbé ibẹ̀ ti pinnu pé àwọn kò ní jagun mọ́ láé. Àwọn Dalek ti fi ẹ̀tàn pa olórí wọn nígbà tó wá gba oúnjẹ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, síbẹ̀ wọn kò jà. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ Dókítà kan sì wà lọ́wọ́ àwọn Dalek, àwọn àlejò wa kò lè kúrò níbẹ̀ láìgbà á padà. Ian bá di ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Thal mú, Dyoni, ó ní òun fẹ́ lọ fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Alydon, Thal kan, fọn ọ́n ní ẹ̀ṣẹ́, Ian ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ló di ogun, ogun yẹn ló sì pa àwọn Dalek run. Ìtàn náà yin Ian, kò sì ṣòro láti gbà fún un, nítorí pé àwọn Dalek ti ṣe tán láti pa àwọn Thal run tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Thal náà kú lójú ọ̀nà, ọkọ̀ àlejò sì wà lára ohun tí wọ́n kú lé lórí. Kò sẹ́ni tó dúró sọ èyí ketekete.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Barbara. Ó fi ẹ̀gbà ọwọ́ òkú kan sọ́wọ́ nínú ibojì ní Mẹ́síkò, àwọn èèyàn sì rò pé àlùfáà wọn àtijọ́, Yetaxa, ló padà wá sáyé. Barbara mọ̀ pé Cortés, ará Sípéènì tó máa pa ìjọba wọn run, ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó gbà pé bí wọ́n bá jáwọ́ nínú fífi èèyàn rúbọ, àwọn ohun rere wọn kò ní bá a lọ. Dókítà kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò lè yí ìtàn padà. Kò gbọ́. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá kí òjò lè rọ̀, Barbara ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó pé wọ́n ti gba ògo òun, ó bẹ́ láti orí tẹ́ńpìlì, ó kú. Òjò sì rọ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Olùkọ́ méjèèjì ló fẹ́ tún ìlú onílùú ṣe. Èyí tó kọ́ wọn ní ogun borí, èyí tó ní kí wọ́n má pànìyàn mọ́ ló pàdánù. Skaro kò ní ìtàn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ sínú ìwé, Mẹ́síkò ní. Níbẹ̀ ni ìrìn-àjò inú ìgbà ti ní ìwúwo, tí mímọ ọ̀la kò sì fúnni lágbára lórí rẹ̀. Autloc, àlùfáà kan ṣoṣo tó gba Barbara gbọ́, sọ gbogbo ohun tó ní nù, ó sì gba inú aginjù lọ. Autloc nìkan ni èrè Barbara.

Ìtàn Aztec ní àbùkù tirẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo àwọn Aztec inú rẹ̀, ìlú ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì sì hàn gbangba pé àwòrán ni. N kò fojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ìtàn Dalek tó tó ìṣẹ́jú tí Dókítà fẹ́ kúrò ní Mẹ́síkò. Ó ti po kòkó fún Cameca, obìnrin Aztec kan, láìmọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó níbẹ̀ nìyẹn. Cameca sì ti fún un ní ohun ọ̀ṣọ́ kan. Dókítà gbé e kalẹ̀ nínú ibojì Yetaxa, ó yíjú padà láti máa lọ. Ó dúró. Ó padà, ó mú un. William Hartnell, tó ṣe Dókítà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìtàn Aztec ṣì wà. Ìtàn Marco Polo, tí Lucarotti kan náà kọ fún apá kìíní, kò sí mọ́: BBC pa gbogbo abala rẹ̀ méjèèje rẹ́, ohùn rẹ̀ àti àwọn fọ́tò ló kù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, wọ́n kéde pé abala mẹ́sàn-án tó sọnù nínú eré náà, ti ọdún 1967 sí 1968, ni wọ́n rí ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà kan rí, ẹ̀yin ọmọ wọn, bí agolo fíìmù àtijọ́ bá wà nínú yàrá ẹrù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.