Owó Ilé ní Ọ̀ṣun: Kí Ló Ń Gbé E Sókè, Kí Ló sì Yẹ Kí Onílé àti Ayálégbé Mọ̀?

 

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi àwa ààfáà ní Ẹdẹ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún ló máa ń pọ̀ jù. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ owó ilé ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta á dúró ti ògiri títí èrò á fi tán, á wá rọra béèrè pé: "Ààfáà, onílé mi tún ti fowó kún owó ilé. Ṣé ẹ̀sìn fún un láyè?" Kò ní pẹ́ tí onílé náà á fi dé, pé ayálégbé òun jẹ òun ní gbèsè ọdún kan, òun sì fẹ́ ṣí páànù ilé lé e lórí. Mùsùlùmí làwọn méjèèjì, mọ́sálásí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń gbé owó ilé sókè ní ìpínlẹ̀ wa, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe sí i.

Ìdí tí owó ilé kò fi dọ́gba

Ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí 75,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Iye yìí kan náà ni, yálà Òṣogbo lèèyàn ń gbé tàbí Ìlá. Ṣùgbọ́n owó ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń wá ilé bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni owó ilé ti ń lọ sókè.

Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni Òṣogbo ti di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá ilé níbẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń darí ọjà ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ààyè nínú ọgbà á wá yàrá síta, mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọn á sì dáwó jọ láti gba ẹyọ kan. Bàbá tó ń dá owó san kò lè bá àwọn mẹ́rin tó ń dáwó du ilé. Iléṣà náà ti ní yunifásítì tirẹ̀ báyìí.

Ní Ẹdẹ tiwa, ọ̀rọ̀ náà ní ìyàtọ̀ díẹ̀. A ní Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń wá ilé nínú ìlú. Ti Pólì Ìjọba Àpapọ̀, tí ó ti wà níbí láti 1992, yàtọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń yálé láàárín wa. Ẹ tún wá fi ti Abẹ́rẹ́ kún un, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Kò jìnnà sí Ẹdẹ rárá. Òṣìṣẹ́ tí apá rẹ̀ kò bá ká owó ilé Òṣogbo á kọjú sí Àkọ́dà tàbí ojú ọ̀nà Òṣogbo. Bí wọ́n ṣe ń ya wọ̀lú ni owó ilé tiwa náà ń tẹ̀ lé ti Òṣogbo.

Ẹnìkan lè sọ pé kéèyàn lọ gbé ní abúlé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń fi 1,000 náírà wọkọ̀ lọ bọ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ 22 lóṣù, 264,000 náírà ló máa ná lọ́dún. Ilé olówó pọ́ọ́kú tó jìnnà síṣẹ́ lè jẹ́ ilé méjì lèèyàn ń sanwó rẹ̀.

Ọ̀wọ́n ohun ìkọ́lé

Òótọ́ ni pé àwọn onílé kan lójú kòkòrò, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ojúkòkòrò. Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n dá náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Owó ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn àti òkúta gbéra, ohun tó ń ti òkè òkun wọlé náà sì wọ́n. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, àdéhùn tí ìjọba bá àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ṣe ni pé kí àpò kan máa wà láàárín 7,000 sí 8,000 náírà, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì kà sí ìdẹ̀rùn nígbà náà. Ẹni tó kọ́lé ní irú àkókò yìí á fẹ́ rí owó rẹ̀ gbà padà. Ẹni tó ti kọ́ ilé tirẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn náà á wo ilé tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì sọ pé òun kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ gan-an

Lójú tèmi, kì í ṣe iye owó ilé nìkan ló ń fọ́ ìdílé. Bí a ṣe ń san án lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Àwọn onímọ̀ ètò ìnáwó máa ń gbà wá níyànjú pé kí owó ilé má ju bí ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ. Fún ẹni tó ń gba 75,000, èyí jẹ́ 22,500 náírà lóṣù, tàbí 270,000 lọ́dún. Ká ní ó rí ilé tó jẹ́ iye yẹn gan-an. Ajẹ́ńtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 27,000. Àgírímẹ́ǹtì náà á gba 27,000. Ká fi 20,000 kún un fún ohun tó bá bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ di 344,000 náírà, ó ju owó oṣù mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, kó tó gbé ẹní wọlé. Ta ló lè wà láìjẹun fún oṣù mẹ́rin? Ibẹ̀ ni gbèsè elélé ti ń wọlé, láti orí fóònù tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó. Ìdílé tó ń sá fún ríbà látọjọ́ pípẹ́ á wá kó sínú rẹ̀ nítorí ilé.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ fún tọ̀tún tòsì

Ìjárà, ìyẹn àdéhùn yíyá nǹkan lò fún owó, tọ́ lábẹ́ ṣẹríà. Ohun tó ń mú un dúró ni kí owó di mímọ̀, kí àkókò náà sì di mímọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ti ṣàdéhùn ọdún kan, onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fowó kún un lóṣù kẹfà. Tí ọdún bá pé, ó lè dá iye tuntun lé e, ayálégbé sì lè gbà tàbí kó kó jáde.

Ṣé ìjọba lè fi òté lé owó ilé? Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, wọ́n bẹ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kó dá iye lé e, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò fẹ́ ṣàbòsí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bí Ibn Taymiyyah ṣàlàyé pé tí àwọn tó ni ọjà bá ń lo ìnira àwọn èèyàn láti fi rẹ́ wọn jẹ, aláṣẹ lè dá sí i.

Ayálégbé náà ní ẹrù tirẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó ń fi owó onílé falẹ̀, àbòsí ni Ànábì pè é. Ẹni tí kò ní lóòótọ́ ni Súrà Al-Baqarah, āyah 280, ní kí wọ́n dá lákòókò. Onílé mìíràn, opó ni. Owó ilé yẹn ló fi ń jẹun. Ajẹ́ńtì pẹ̀lú, owó iṣẹ́ tó ṣe ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Tó bá mọ̀ pé òrùlé ń jò tó sì fi pa mọ́, ẹ̀tàn nìyẹn.

Ní ti òfin ìlú, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì rẹ̀. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, kí onílé tó lọ sí kóòtù. Ṣíṣí páànù, yíyọ ilẹ̀kùn tàbí kíkó ẹrù síta láìsí àṣẹ kóòtù kò bófin mu, bó ti wù kí gbèsè náà pọ̀ tó.

Kí la lè ṣe?

Èkíní, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀, àní tó bá jẹ́ ọmọ ìyá lẹ bá ṣe é. Ẹ kọ iye owó, àkókò, àti ẹni tí yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe sínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ̀yin onílé, ẹ gba ayálégbé tí ẹ ti mọ̀ láyè láti máa san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà. Kò dín owó yín kù, ó sì lè yọ ẹlòmíràn nínú èlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ayálégbé, ọjọ́ tí ẹ bá sanwó tán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àjọ ti ọdún tó ń bọ̀. 22,500 lóṣù rọrùn ju 270,000 lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká pín ogún lásìkò. Ẹ wo agbo ilé wa ní Ẹdẹ, ẹ ka iye yàrá tó wà ní títì pa torí pé àwọn ọmọ olóògbé kò tíì fẹnu kò. Òjò ń wó ilé, àwọn ọmọ bàbá kan náà sì ń yálé kiri ìgboro.

Ìkarùn-ún, àwọn mọ́sálásí wa lè ní àpò ìrànwọ́ owó ilé tí kò ní èlé. Ẹni tí gbèsè owó ilé wọ̀ lọ́rùn láìṣe àṣejù sì wà lára àwọn onígbèsè tí sàká tọ́ sí.

Nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, ilé Abu Ayyub ló kọ́kọ́ wọ̀ sí, ó sì gbé ibẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó kọ́ ilé tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá fún èèyàn ní ibi tó máa sùn, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Kí Ọlọ́hun fún ẹni tí kò nílé ní ilé, kí Ó fi ìbùkún sí ti ẹni tó ní, kí Ó má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé tú wa ká. Àmín.